Òṣómàáló Inú Fóònù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sọ ní Iléṣà níbí nìyí, lórí bí wọ́n ṣe ń dọ́gbọ́n yọ owó wa látinú káàdì àti fóònù. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù gbọ̀ngàn náà kí n tó débi kankan, àwọn tó jókòó lẹ́yìn kò sì gbọ́ tó ìdajì. Àwọn ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti yọ ìkíni gígùn kúrò.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ fóònù lábẹ́ àga bí ẹni pé mi ò rí yín, ẹ kú ìjókòó.

Kí wọ́n ní kí ẹnì kan wá kọ́ ará Iléṣà ní ọ̀rọ̀ àwìn, ó dà bí kí wọ́n ní kí ọmọ kékeré wá kọ́ ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń ro ọkà. Àwọn bàbá wa ló sọ àwìn di iṣẹ́ tó lórúkọ. Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, Ìjẹ̀ṣà a di ẹrù aṣọ, a gbé e dé Èkìtì, dé Oǹdó, a gbé e sọdá odò Ọya lọ sílẹ̀ Hausa. Wọn a tà á láwìn fún àgbẹ̀ tí kò tíì kórè. Bí ọjọ́ owó bá pé, bàbá á padà wá, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní, "Òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wá ní Òṣómàáló. Àwọn kan fi bú wa, àwa sì sọ ọ́ di oríkì.

Ẹ jẹ́ kí bàbá tó lóṣòó yẹn dúró lọ́kàn yín, torí òun ni mo máa fi wọn gbogbo ohun tí mo bá wá.

Ẹ wo bí òwò rẹ̀ ṣe rí. Aṣọ wà ńlẹ̀, oníbàárà ti fọwọ́ pa á, ó ti nà án sí oòrùn wò. Wọ́n ti dúnàádúrà iye rẹ̀. Ọjọ́ tí owó máa pé, àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n: bí a bá ta kòkó. Onígbèsè mọ orúkọ ẹni tó jẹ lówó, ó sì lè béèrè agboolé rẹ̀ bó bá dé Iléṣà. Bí aṣọ náà bá ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ tí bàbá wá lóṣòó yẹn náà ni onígbèsè máa gbé e síta: "Aṣọ yín rèé, ẹ wo ojú ẹ̀." Òṣòó ń dójú ti ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n olówó kò lè gbowó láìfojú kan ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni náà sì lẹ́nu.

Kí ló dé tí bàbá ní láti lóṣòó? Kọ́kọ́rọ́ àpò onígbèsè kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Nọ́ńbà gígùn tó wà níwájú káàdì yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí káàdì máa kú àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Ẹni tí ẹ bá kó o fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò nílò òṣòó mọ́. Ó ti wọlé, ó ti jókòó sínú àpò yín. Lóòótọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, ojúlé ọjà tiwa ń béèrè nọ́ńbà OTP, nọ́ńbà àlòlẹ́ẹ̀kan tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ ni. Bí ẹ bá ti gbà á láyè kí ó fi káàdì yín pamọ́ sọ́dọ̀, ó lè yọ owó kejì àti ìkẹta láìjẹ́ pé ẹ tún tẹ nǹkan kan, àwọn ọjà òkè òkun mìíràn kì í sì í béèrè OTP rárá.

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan kí n tó máa bá ẹlòmíràn wí. Iṣẹ́ báǹkì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń fún wa ní iye tí a gbọ́dọ̀ bá: káàdì tó tó báyìí, àkáǹtì tó tó báyìí. Nítorí náà, bí ìyá arúgbó kan bá wá ṣí àkáǹtì, a ó ní kó tẹ̀ka síbí, kó tẹ̀ka sọ́hùn-ún, káàdì tí kò béèrè á ti wọ inú ẹ̀. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2020 gbà pé kí wọ́n yọ 50 náírà loṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ìtọ́jú káàdì àkáǹtì ìfowópamọ́. Kò tó nǹkan, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn kò ní fi káàdì náà gbowó láyé rẹ̀, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a fún un.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ fífi káàdì dọ́gbọ́n gbowó yìí ti gbó jù, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ wò ó. Káàdì tí ọ̀pọ̀ wa ní lápò kì í ṣe káàdì àwìn. Owó ara ẹni ni ATM ń ná. Bí kò bá sí owó nínú àkáǹtì, ẹ̀rọ á ní ẹ máa lọ. Káàdì àwìn, owó báǹkì lẹ ń ná, báǹkì á sì fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù. Wọ́n á kọ iye tó kéré jù tí ẹ lè san síbẹ̀. Ẹni tó bá ń san èyí tó kéré jù yẹn nìkan, èlé ló ń bá jà. Ojú owó kì í fẹ́ẹ̀ mira. Àwọn baba ńlá wa mọ nǹkan tó jọ ọ́. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Kì í dín ẹyọ kan kù nínú owó tí wọ́n yá.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tí gbèsè ti bà lórúkọ jẹ́ ni wọ́n ń wá. Lẹ́tà á dé: a ti fọwọ́ sí káàdì fún ọ. Inú ẹni náà á dùn, torí gbogbo ibòmíràn ti lé e. Káàdì á dé lóòótọ́, àmọ́ àwìn tó gbà láyè kò ju nǹkan bí 300 dọ́là lọ, owó ìwọlé, owó ọdún àti owó ìtọ́jú á sì ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó fi ra búrẹ́dì. Òfin tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2009 ló wá dín in kù, ó ní irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwìn náà lọ́dún àkọ́kọ́. Lórí 300 dọ́là, 75 dọ́là ni òkè rẹ̀. Káàdì mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní "góòlù". Ẹni tó sanwó kó tó gbà á á wá rí i pé kò sí ọjà kan tó lè fi rà á, àfi èyí tó wà nínú ìwé ọjà ilé-iṣẹ́ tó fún un ní káàdì.

Àwọn báǹkì tó lórúkọ ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 2012, àjọ CFPB tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ láti máa dáàbò bo oníbàárà mú ilé-iṣẹ́ kan fún ìgbà àkọ́kọ́. Capital One ni. Oníbàárà á pe báǹkì láti ṣí káàdì tuntun, ẹni tó gbé fóònù á ní kó dúró díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ààbò fún un: bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, bí àìsàn bá dé, a ó bá yín dá gbèsè dúró. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé yóò tún orúkọ wọn ṣe lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó. Wọ́n tà á fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ rárá, tí ààbò náà kò sì lè wúlò fún. Ẹ ò rí i, agbòjò tí kò ṣeé ṣí ni wọ́n tà fún ẹni tí òjò ti pa tán. Báǹkì náà ní láti dá 140 mílíọ̀nù dọ́là padà fún mílíọ̀nù méjì oníbàárà, ó sì san 25 mílíọ̀nù ìtanràn fún CFPB. Àwáwí wọn ni pé àwọn tí àwọn gbé iṣẹ́ ìpè fún ni wọn ò tẹ̀lé ohun tí wọ́n ní kí wọ́n sọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ẹni tó bá fún èèyàn ní iye tí ó gbọ́dọ̀ tà kó tó lọ sílé ti mọ ohun tó máa sọ.

Ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lórí káàdì, wá ńkọ́? Ní 2009, ìgbìmọ̀ kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wọn yẹ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò: Affinion, Vertrue àti Webloyalty. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń ra òdòdó fún ìyá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti sanwó tán. Kó tó jáde, àwòrán kan yọ sí i: o ṣeun, wá gba 10 dọ́là padà, tẹ ibí. Ó rò pé ẹni tó ta òdòdó ló ń dúpẹ́, ó fi àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ta òdòdó ti gbé nọ́ńbà káàdì rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé owó tó ti inú òwò yìí wọlé lé ní 1.4 bílíọ̀nù dọ́là. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní ROSCA tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ó ní ọlọ́jà kò gbọdọ̀ gbé nọ́ńbà káàdì oníbàárà fún ẹlòmíràn báyẹn mọ́, ó ní kí wọ́n sọ àdéhùn síta kedere kí wọ́n tó gbowó, ó sì ní kí ọ̀nà àtijáde rọrùn.

Òfin yẹn kò tíì kú. Òun náà wà lára ohun tí FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òwò, fi mú Amazon, ilé ìtajà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ẹgbẹ́ Prime tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sanwó wọ̀. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n fi ọgbọ́n mú àwọn èèyàn wọlé, ẹni tó bá sì fẹ́ jáde á la ojú-ewé mẹ́rin kọjá, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, á sì bá yíyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pàdé lọ́nà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Amazon gbà láti san 2.5 bílíọ̀nù dọ́là láìgbà pé òun jẹ̀bi: bílíọ̀nù kan ìtanràn, bílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún àwọn oníbàárà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sétí omi ti rí ìgèrè. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ há, igi ṣóńṣó ọrùn rẹ̀ kọjú sínú. Ẹja kì í jiyàn kó tó wọlé.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìgèrè ti mú mi rí. Wọ́n ní kí n fi àwọn ìwé kan ránṣẹ́ nítorí owó ìfẹ̀yìntì mi. Mo ya fọ́tò wọn, mo wá ààpù tó máa sọ wọ́n di PDF. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀fẹ́, ó kàn ní kí n fi káàdì sílẹ̀ ni. Mo lo nǹkan yẹn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yọ ọ́ kúrò lórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi yọ owó mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì ń wọlé o! Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kò jọ orúkọ ààpù yẹn rárá, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé ìyàwó mi ló ń ra dátà. Nígbà tí mo pe báǹkì, ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Daddy, ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i." Ó dùn mí wọra, torí ohun tí èmi náà máa ń sọ fún àwọn oníbàárà nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí sílẹ̀: yíyọ ààpù kúrò lórí fóònù kì í ṣe yíyọ ara ẹni kúrò nínú ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ fóònù Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán tàbí lẹ́tà orúkọ yín lókè, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Payments & subscriptions" sí. Gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ ti bá ibẹ̀ wọ̀ wà níbẹ̀, kódà èyí tí ẹ ti yọ ààpù rẹ̀ lọ́dún mélòó kan. Lórí iPhone, inú Settings ni, lábẹ́ orúkọ yín. Èyí tí ẹ bá fi káàdì wọ̀ tààrà lórí ojúlé ẹlòmíràn kò ní sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ onítọ̀hún lẹ ó ti jáde, bí kò bá sì jẹ́ kí ẹ jáde, ẹ ní kí báǹkì ti káàdì yẹn pa.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí owó kékeré, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí Òṣómàáló kan tó máa fẹsẹ̀ rìn láti Iléṣà dé Bídà nítorí tọ́rọ́ kan. Owó oúnjẹ ojú ọ̀nà nìkan á ju èrè lọ. Ìrìn yẹn ló ń ṣọ́ onígbèsè láyé àtijọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣòfin: kì í ṣe gbogbo owó ló tó gbà. Ẹ̀rọ tó ń yọ owó lónìí kì í rìn, kì í jẹun, kì í sùn sílé àlejò. Kò náwó kankan láti yọ 50 náírà lọ́wọ́ ẹnì kan, tàbí lọ́wọ́ mílíọ̀nù kan. Mílíọ̀nù kan èèyàn ní 50 náírà, 50 mílíọ̀nù nìyẹn lójúmọ́. Ta ló máa wọ mọ́tò lọ fẹjọ́ 50 náírà sùn? Owó ọkọ̀ á ju owó tí wọ́n jí lọ. Ìrìn tó ń ṣọ́ onígbèsè tẹ́lẹ̀ ti wá yíjú padà, olè ló ń ṣọ́ báyìí.

Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́, kì í ṣe jìnnà síbí. Owó ìpè rẹ̀ ń pòórá láràárọ̀. Ó ti na ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. Nígbà tó gbé fóònù náà wá bá mi, mo rí i pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìyànjú òwúrọ̀ ránṣẹ́ sí i lójoojúmọ́, 50 náírà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun rò pé ṣọ́ọ̀ṣì òun ló ń fi ránṣẹ́. Nígbà wo ló wọ̀ ọ́? Kò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé àwòrán kan yọ lójú fóònù, ó fẹ́ pa á dé, ìka rẹ̀ sì tẹ "OK". 50 náírà lọ́nà 365, 18,250 náírà lọ́dún. Ọmọ tó nà yẹn ló ń dun ìyá náà ju owó lọ.

Nọ́ńbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, yà sọ́tọ̀ lórí gbogbo wọn láti dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró ni 305. Ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 bí ẹ kò bá fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tí ẹ ò béèrè. Bí ilé-iṣẹ́ fóònù yín kò bá gbọ́ ẹjọ́, 622 ni nọ́ńbà ẹ̀sùn NCC.

Ààpù ayánilówó kò yẹ kó pẹ́ wa, ẹ ti mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ ní kí wọ́n yá yín ní 20,000 náírà, 14,000 ló wọ àkáǹtì, wọ́n ní ìyókù jẹ́ owó iṣẹ́. Ọjọ́ keje, 20,000 ni wọ́n ń béèrè. Ó lé ní 42 náírà lórí 100 náírà kọ̀ọ̀kan tí ẹ fojú rí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti òṣòó, àwọn wọ̀nyí ti kọjá tiwa. Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni bàbá wa ń lóṣòó sí. Ẹnu ọ̀nà gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù yín ni wọ́n ń lóṣòó sí, àna yín, pásítọ̀ yín, ẹni tó ń rán aṣọ fún yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà nílẹ̀ wa, àti àwọn agbófinró ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan l'Ékòó nítorí ìwà yìí, ọdún yẹn kan náà ni àjọ náà ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Google ní láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ààpù ayánilówó kò gbọdọ̀ wo ìwé nọ́ńbà àti fọ́tò ẹni tó gbà á sórí fóònù mọ́. Ìlànà tuntun tí FCCPC gbé jáde ní 2025 sì ní wọn kò gbọdọ̀ dédé yá ẹni tí kò béèrè lówó. Ẹ ò rí bí ayé ṣe rí, kí wọ́n máa ṣòfin pé má ṣe yá mi lówó tí mi ò tọrọ.

Ọ̀rọ̀ náà "ẹgbẹ́" ni wọ́n fi ń mú wa jù. Ẹgbẹ́ tí ẹ jókòó sí lónìí yìí, ẹ mọ alága yín, ẹ mọ ilé akápò. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á kọ̀wé, wọ́n á ka owó rẹ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ń balẹ̀ lọ́kàn wa. MMM wọlé ní 2015, ó pe gbogbo wa ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ran ara wọn lọ́wọ́, ó ní 30 náírà lórí 100 lóṣù. Ẹni tó bá fi 100,000 sílẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án, ó yẹ kó ju 2.3 mílíọ̀nù lọ lẹ́yìn ọdún kan. Oko wo ló ń so bẹ́ẹ̀? Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ owó. Ọdún mẹ́jọ ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX, ètò mìíràn tó ṣèlérí èrè ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí inú bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ n'Ìbàdàn, wọ́n kó àga lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé lẹ́yìn tí owó ti há, wọ́n tún ní kí àwọn èèyàn san 100 dọ́là, àwọn mìíràn 200, kí wọ́n lè fi hàn pé àkáǹtì àwọn jẹ́ òótọ́. Àwọn kan san án. Òfin ìdókòwò tí wọ́n ń pè ní ISA, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún náà ti ní ẹni tó bá dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ á san ó kéré tán 20 mílíọ̀nù náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Bàbá kan na ọwọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ojúkòkòrò ló ń pa wọ́n, ẹ má fi gígùn sọ ọ́." Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní, bàbá, ojúkòkòrò wà nínú ti CBEX, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra òdòdó fún ìyá rẹ̀, kí ló ṣojúkòkòrò sí? Ìyá elélùbọ́ ńkọ́? Èmi tí mò ń wá bí owó ìfẹ̀yìntì mi ṣe máa jáde ńkọ́? Bí a bá ń dá gbogbo rẹ̀ lé ojúkòkòrò, ojú á máa ti ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì láti sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò nídìí káńtà, àwọn olùkọ́ ló máa ń rọra bá mi sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ jù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kí wọ́n tó la ẹnu.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òfin wà fún wa. Ó wà. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, òun ló dá FCCPC sílẹ̀. Ó ka irọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn nípa ọjà léèwọ̀. Ó tún ní kí àdéhùn wà ní èdè tí ẹni tí kò kàwé púpọ̀, tí kò sì mọ irú òwò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, á fi lóye rẹ̀ láìla òógùn. Bí mo bá ka apá ibí yẹn, mo máa ń rántí àdéhùn inú ààpù yẹn, tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ báǹkì kí n tó kà á, tí kò sì yé mi. Bí owó bá jáde lọ́nà tí kò yé yín, ẹ kọ̀wé sí báǹkì, kì í ṣe ẹnu lásán, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìdáàbòbò oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀. Mo ti rí máníjà tí kò dá ìyá kan lóhùn fún oṣù méjì, tó wá dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́ orúkọ yẹn.

Ìyá àgbà kan béèrè pé, "Ṣé kí n kúkú gé káàdì mi jù nù ni?" Rárá o, ìyá mi. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, ṣé gbogbo owó ilé lẹ ń kó dání? Ẹ máa ń so iye tí ẹ fẹ́ ná mọ́ etí ìró ni. Ẹ ṣí àkáǹtì kékeré lọ́tọ̀, ẹ gba káàdì tirẹ̀, ẹ máa fi iye tí ẹ fẹ́ rà sí i lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà á. Etí ìró yín nìyẹn. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó bá ibẹ̀ lófìfo.

Ọ̀dọ́ kan ní ọ̀rọ̀ òun kò ju ẹyọ kan: ṣé àdéhùn tí òun ò kà lè mú òun? Mo ní ó lè mú ọ, ọmọ mi, títẹ̀ ń jẹ́ gbígbà. Àmọ́ òfin gbà ọ́ láyè láti sọ pé wọ́n fi nǹkan pàtàkì pamọ́ fún ọ. Kò dà bí ẹni pé ìdáhùn náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn.

Lẹ́yìn tí a ṣe àdúrà ìparí, bàbá tó sọ̀rọ̀ ojúkòkòrò yẹn dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa fóònù jáde, ó wòye ọ̀tún, ó wòye òsì, ó ní kí n bá òun wo ibi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Ẹgbẹ́ márùn-ún la bá níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti eré bọ́ọ̀lù, ọ̀kan jẹ́ ti bí wọ́n ṣe ń sọ ojú fọ́tò di ọ̀dọ́. Mi ò bi í léèrè. A jáde nínú mẹ́rin kí òjò tó dá. Ìkarùn-ún ní kí ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ímeèlì tó fi forúkọ sílẹ̀ wọlé kó tó lè jáde, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló sì bá a ṣí ímeèlì náà ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó pè é níbẹ̀. Ọmọ náà ní òun ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́, òun á pè padà.